Kókó Tó Wà Lábẹ́ Apá Ẹ̀wù Mi

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ẹja pípa, akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan ò sì kú sínú omi rí. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn. Bí ẹgbẹ́ tuntun bá dé, màá ní kí wọ́n tò sí etí odò, màá wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, màá wá sọ fún wọn pé omi yìí ò mọ ọmọ olówó, kò mọ ọmọ tálákà, ẹni tó bá wá ṣeré kó padà sílé lọ ṣe é. Àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ pè jáde kí wọ́n wá wọ ẹ̀wù tó ń gbé ènìyàn léfòó, màá sì fa okùn rẹ̀ mọ́ wọn láyà títí ẹ̀rín á fi tán lẹ́nu wọn.

Òfin mẹ́ta la ní nílé-ẹ̀kọ́ wa, a kọ wọ́n gàdàgbà sára ògiri. Èkíní, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù ìléfòó. Èkejì, ẹnì kan ṣoṣo ló lè dìde dúró nínú ọkọ̀, àwọn yòókù á jókòó. Ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ so okùn àwọ̀n mọ́ ara rẹ̀. Ike òfìfo la máa ń so mọ́ ìdí okùn náà. Bí àwọ̀n bá há sábẹ́ omi, tí omi sì ń fà á, ju okùn sílẹ̀ kó máa lọ. Ike á léfòó, a ó fi mọ ibi tí àwọ̀n wà, a ó sì padà lọ mú un nígbà tí ara omi bá balẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbọ́ òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn ìyẹn màá ní kí gbogbo wọn pariwo ẹ̀kẹta bí ọmọ jẹ́léósinmi: "Fi sílẹ̀, kó lọ!" Bàbá onírùngbọ̀n funfun pàápàá á máa pariwo. Ojú á tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Èmi tí mò ń kọ́ wọn pé kí wọ́n fi sílẹ̀, okùn wà lọ́rùn ọwọ́ tèmi.

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀wù ìléfòó, tí kò sí ìwé tí ènìyàn ń fọwọ́ sí. Àwọ̀n kan ṣoṣo ló ní. Ó ní bí àwọ̀n yẹn bá bọ́ lọ, kí n bọ́ tẹ̀ lé e, kí n má wulẹ̀ padà wálé. Nítorí náà ló ṣe kọ́ mi ní kókó kan tí ọwọ́ kan péré lè ta: wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀mejì, ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ méjèèjì, fi eyín fà á. Kókó eyín ló ń pè é. Bí omi bá ṣe ń fà á tó ló ṣe máa ń mú tó. N kò rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí, àyàfi bàbá mi àti èmi. Mo ti ta á títí ọwọ́ mi fi ń ta á fúnra rẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń de bọ́tìnnì láìwò ó. Ẹ̀wù alápá gígùn ni mo máa ń wọ̀ nítorí oòrùn, apá ẹ̀wù á sì bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá bi mí nígbà náà pé ṣé mò ń so okùn mọ́ ọwọ́, màá fi gbogbo ẹnu sọ pé rárá. Mo mọ̀, n kò sì mọ̀. Bí irọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá ti pẹ́ lára ènìyàn.

Aránṣọ ló rí i.

Orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní nìyẹn, torí iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó wá bá wa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní aṣọ tí wọ́n ti rán tán ló kún gbogbo ìgboro báyìí, kò sí ẹni tó ń gbé aṣọ wá fún òun mọ́, òun sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ò ní lè gbà lọ́wọ́ òun. Mẹ́sàn-án ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ yẹn, ìka ò sì dọ́gba. Onígbàjámọ̀ kan wà láàárín wọn tó ń ju àwọ̀n bí ẹni ń da omi ìdọ̀tí nù. Mo sọ fún un pé àwọn ẹja tiẹ̀ ti ń pe ara wọn wá wòran. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọ̀n Aránṣọ ti ń là róbótó lókè kó tó kan omi. Mo yìn ín, èmi tí n kì í yin ènìyàn. Kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi ló máa ń wò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, níbi tí a ti ń sinmi lọ́sàn-án lábẹ́ ibòji, ó ní ẹnu apá ẹ̀wù mi ti ń ya, kí n bọ́ ọ kí òun bá mi rán an. Mo bọ́ ọ, mo jókòó pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó yọ abẹ́rẹ́ àti òwú nínú báàgì rẹ̀, ó yí ẹnu apá ẹ̀wù náà sóde, ó fi ìka tọ ibi tó ti fẹ́lẹ́. Ó wá gbójú sókè wo ọrùn ọwọ́ mi, níbi tí okùn ti fá awọ ara mi yípo títí ó fi ń dán.

"Ọ̀gá," ó ní, "okùn ló jẹ ibí yìí."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé àṣà burúkú ni, pé ìyà ló kọ́ bàbá mi, pé òmùgọ̀ ni mí tí mo ṣì ń ṣe é. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ọ̀gá ò jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ó yìn mí.

"Ti àgbà nìyẹn," mo ní. "Ẹ̀yin ẹ máa ṣe tiyín bí mo ṣe kọ́ yín."

Ó ní òun gbọ́. Ó tẹ orí ba, ó ń rán ẹ̀wù náà lọ. Nígbà tó dá a padà fún mi, mo wá ibi tó ya títí, n kò rí i mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní òkè odò, omi ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì sọ fún wọn pé ẹnì kọ̀ọ̀kan á ju ẹ̀ẹ̀kan péré, a ó wá padà sí èbúté. Ọkọ̀ méjì la gbé jáde. Mo wà nínú ọ̀kan pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin. Awakọ̀ wa, tí a ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, wà nínú èkejì pẹ̀lú márùn-ún, Aránṣọ sì wà lára wọn. Mo fọwọ́ kan ẹ̀wù ìléfòó gbogbo wọn. Mo ka orí wọn. Mo rí i pé ọ̀bẹ wà nídìí ìjókòó nínú ọkọ̀ méjèèjì. Aṣọ alápá gígùn ni Aránṣọ wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Mo tiẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀, mo ní ó ti di èmi kejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ pa apá aṣọ náà. Inú rẹ̀ dùn. N kò lè gbàgbé pé inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó ju àwọ̀n. Jíjù tó dára jù lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Àwọ̀n là, ó wọ omi, ó rì, ó sì há mọ́ kùkùté kan nísàlẹ̀. Omi ń gbé ọkọ̀ wọn lọ, àwọ̀n ò kúrò lójú kan, okùn wá le gan-an láàárín wọn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà bí mo ṣe kọ́ wọn: "Fi sílẹ̀, kó lọ!" Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Kò fi í sílẹ̀. Kò wo Awakọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ló kọjú sí, lórí omi níbẹ̀ yẹn, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń wo olùkọ́ tí ìbéèrè bá le ju bó ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà okùn fà á kúrò nínú ọkọ̀.

Ẹ̀wù ìléfòó ń gbé e sókè, àwọ̀n ń fà á sísàlẹ̀, omi sì ń gba ojú rẹ̀ kọjá láàárín méjèèjì. Awakọ̀ mú ọ̀bẹ, ó bẹ́ sómi. Ó ń wá okùn ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò rí i níbẹ̀. Mo pariwo láti inú ọkọ̀ tèmi, mo ní, "Abẹ́ apá aṣọ! Wo abẹ́ apá aṣọ!" Gbogbo wọn ló gbọ́ mi. Kò sẹ́ni tó bi mí lẹ́yìn náà pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn Awakọ̀ ò wo ojú mi mọ́. Tí mo bá bá a sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ mi ló máa ń dá lóhùn.

Nígbà tó fi máa tú bọ́tìnnì, kó tó rí okùn náà gé, ó ti pẹ́. A tẹ Aránṣọ láyà ní etí odò títí apá wa fi kú. Onígbàjámọ̀ yẹn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. Ní ilé ìwòsàn, dókítà kàn wò ó ni, ó sì fa aṣọ bò ó lójú.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni. Mo jù ú lọ ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń pè mí ní Bàbá, ó sì ti sunkún kí n tó wọlé, mo rí i lójú rẹ̀. Ìwé kan wà lórí tábìlì tí wọ́n ti tẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà so okùn mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, pé ó lòdì sí òfin kẹta, pé ó ti fọwọ́ sí òfin náà, àti pé olùkọ́ ti kìlọ̀ fún un. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Ó ní bí n kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, iṣẹ́ tèmi á lọ, ó sì lè di ti ọlọ́pàá.

"Bàbá, òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀," ó ní.

Mo ní òótọ́ ni. Ó ní ìyá Aránṣọ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ wá gbọ́ àbájáde, kí n wá jókòó tì wọ́n, òun lòún máa sọ̀rọ̀. Mo ká ìwé náà, mo mú un lọ sílé.

Ìyàwó mi ń lọ aṣọ nígbà tí mo dé. Ẹ̀wù yẹn ló wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ó gbé ẹnu apá rẹ̀ súnmọ́ ojú, ó bi mí pé ta ló rán an, pé ọwọ́ ẹni náà dára. Mo sọ ẹni tó rán an fún un. Mo sì sọ ìyókù, torí pé bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, n kò rí ibi dúró. Ó gbé áyọ́ọ̀nù náà nàró, kó má baà jó aṣọ.

"Tí mo bá gbọ́ ọ dáadáa," ó ní, "wọ́n fẹ́ sọ fún ìyá ẹni ẹlẹ́ni pé olórí kunkun lọmọ rẹ̀."

Ó ká ẹ̀wù náà, ó gbé e lé orí ìjókòó níwájú mi.

Ẹ̀wù yẹn ni mo wọ̀ lọ ní Ọjọ́bọ̀. N kò tíì pinnu nǹkan kan, ẹ má parọ́ mọ́ mi. Ìwé tí wọ́n fún mi wà lápò, n kò tíì fọwọ́ sí i, n kò sì ya á. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí kò mọ iṣẹ́ kankan ju omi lọ, níbo ló fẹ́ gbà?

Ìyá náà ti jókòó kí n tó dé. Alágbàfọ̀ ni, ọṣẹ ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, ó sán kéékèèké. Ó gbé náílọ́ọ̀nù dúdú kan lé itan. Mo kí i, ó dá mi lóhùn, ó sì ní òun gbọ́ pé èmi ni ọ̀gá tí ọmọ òun máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fáànù òkè ń mì, ó ń dún kẹ̀kẹ̀. Ọ̀gá àgbà ka ẹ̀dà ìwé náà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó rọra gba àárín àwọn ọ̀rọ̀ tó le kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò kúkú pọ̀ níbẹ̀.

Ìyá náà ní kó tún ka ibi òfin yẹn. Ó tún un kà.

"Ọmọ mi kì í ṣe olórí kunkun, sà," obìnrin náà sọ. "Tí mo bá ní kó má fọwọ́ kan nǹkan, kì í fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, mo ní kó jókòó ti aṣọ tí mo sá, kó má kúrò títí n ó fi dé. Òjò bá a níbẹ̀. Kò kúrò. Ẹ wá sọ fún mi, sà, orí omi ló ti wá di olórí kunkun?"

Ọ̀gá àgbà ní kò sí ẹni tó lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọnìkejì ẹni. Ìyá náà tú náílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó mú okùn kan jáde, èyí tí wọ́n kó fún un pẹ̀lú aṣọ ọmọ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Awakọ̀ ti gé e, ṣùgbọ́n kókó náà wà lójú ẹ̀ digbí. Ó ní òun ti fi ọṣẹ sí i, òun ti fi omi gbígbóná sí i, àtìgbà tóun ti ń fọṣọ kò sí ohun tó ta kókó tóun ò lè tú. Kò sóhun tó le tí kì í rọ̀, wọ́n ní. Èyí ò rọ̀.

Ó gbé e sórí tábìlì. "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Kò sí ẹni tó kọ́ ọ, Mà," ni ọ̀gá àgbà wí, òótọ́ tún ni.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wa la mọ ìyẹn, a máa ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ lẹ́nu. Èmi wà níbẹ̀ ní tèmi, ọwọ́ mi ló sì wọ́ ọ. Mo ń wo kókó yẹn lórí tábìlì. Bó ṣe wé lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹnu rẹ̀ ṣe gba abẹ́ méjèèjì kọjá, àmì eyín rẹ̀ ṣì wà lára okùn. Bàbá mi gan-an ì bá rò pé òun ló ta á.

Okùn tí wọ́n fi di fáìlì wà nítòsí mi. Mo fà á yọ. Mo tú bọ́tìnnì apá ẹ̀wù mi, mo wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ méjèèjì, mo fi eyín fà á. Kò gbà mí ní àkókò kankan. Mo gbé ọwọ́ mi sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ọmọ rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló wò," mo ní. "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má so ó, mo sì ń so ó lábẹ́ aṣọ. Òun nìkan ló rí i. Ó bi mí, mo ní ti àgbà ni."

Ọ̀gá àgbà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá," ó ní.

Ìyá náà wo kókó méjèèjì títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ó ní ọdún mẹ́rin lọmọ òun fi kọ́ aṣọ rírán, ọ̀gá rẹ̀ ò sì fi bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ han ẹnikẹ́ni. Tó bá ti fẹ́ gé e, á ní kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ bọ́ síta, á ní ti àgbà nìyẹn. Ojú ihò ilẹ̀kùn ni ọmọ òun ti fi ojú jí i kọ́. Ó ní òun gan-an lòún sọ fún un lọ́jọ́ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa pé ọ̀gá kì í kọ́ni tán, kó máa ṣọ́ ọwọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju èébú lọ. Ohun tí mo pè ní ìkìlọ̀ ni ọmọbìnrin yẹn gbọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Ó rò pé òun ti rí ojúlówó iṣẹ́ náà, pé òfin ara ògiri wà fún àwọn tí ojú wọn ò tó o.

Ìyá náà mú okùn ọmọ rẹ̀ padà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ kókó náà.

"Ṣé ó ta á dáadáa?" ó bi mí.

Omi lé sí mi lójú, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i kedere. "Ó ta á ju tèmi lọ, Ìyá," mo ní.

Ó mi orí. Kò dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó fi okùn náà sínú náílọ́ọ̀nù, ó di ẹnu rẹ̀, ó wá nàka sí ìwé tó wà níwájú ọ̀gá àgbà.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀," ó ní, "pé ọmọ mi gbọ́ràn."

Ọ̀gá àgbà wò mí. Mo mú bírò tó gbé kalẹ̀, mo fa ilà sórí ohun tí wọ́n tẹ̀, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí rí lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ ló ṣe, pé ó gbọ́ràn, mo wá fọwọ́ sí i. Ìyá náà ò mọ̀wé kà, ó ní kí n kà á sí òun létí, mo kà á. Lẹ́yìn ìyẹn ló dìde lọ. Mo gbìyànjú láti tú okùn fáìlì kúrò lọ́wọ́ mi, kò tú, ọ̀gá àgbà sì ń wá sísọ́ọ̀sì nínú dúrọ́ọ̀.